Kì í ṣe aṣọ ló ń gbé fíìmù àtijọ́ ró

Tí òǹwòran fíìmù tí ìtàn rẹ̀ wáyé l'Ékòó ní 1960 bá ti rí mọ́tò ìjàpá (Volkswagen Beetle), gèlè, àti àwòrán tó pọ́n, wọ́n á ní, "Èkó àtijọ́ gan-an nìyí!" Bí àwọn ẹ̀dá ìtàn bá wá gbẹ bí igi, òṣèré ni wọ́n á dá lẹ́bi. Rárá o: ọwọ́ òǹkọ̀wé lẹ̀bi wà.

Àwòrán pípọ́n yẹn gan-an, irọ́ ni. Fíìmù aláwọ̀ ti wà ní 1960, ewé tutù lójú rẹ̀. Àwọ̀ aró inú ẹ̀dà fíìmù ìgbà náà ló máa ń tètè ṣá, èyí tó kù á wá pọ́n. Ẹni tó kun ọjà Jankara bẹ́ẹ̀, ogbó fíìmù ló ń yà, kì í ṣe ọjà.

Ìjàpá náà ńkọ́? Títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, apá òsì títì ni mọ́tò ń gbà, apá ọ̀tún sì ni sítiárìn sábà máa ń wà. Ìjàpá tí wọ́n tò l'Ékòó láti 1975, apá òsì ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ rí háyà, ẹ ya èrò ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí sítiárìn wà níta àwòrán. Ẹ má dán an wò láti yí àwòrán padà bíi ti inú dígí o: nọ́ńbà mọ́tò á kà sẹ́yìn.

Gbogbo èyí ṣì rọrùn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó wọ aṣọ 1960 ń hùwà bí ẹni tó ní fóònù lápò. Ká ní ọkùnrin kan pààyàn ní Èbúté Mẹ́ta lọ́dún náà, ó fẹ́ sá lọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Afárá Carter, tó ti Ìddó kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, nìkan ló wà. Bí ọlọ́pàá bá ti dúró ní Ìddó, àfi ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ ká rí i bó ṣe tajú kán rí fìlà ọlọ́pàá, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ka ṣílè ọwọ́ rẹ̀ bóyá á tó owó ọkọ̀. Kò tíì lanu, a ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á gé ìran náà, ọkùnrin náà ti dé Campos Square lódìkejì afárá, ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rò ó fún obìnrin kan bí bàbá rẹ̀ ṣe nà án ní kékeré.

Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé tó pe aránṣọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: kí ló mọ̀, ta ló sọ fún un, lẹ́tà ni àbí wáyà, ọjọ́ mélòó ló gbà kó tó dé? Lẹ́yìn náà, kó gé ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn kúrò, kó dá ọkùnrin náà padà sí Ìddó.