Irọ́ ni pé bí oògùn ṣe ṣe ọ̀rẹ́ rẹ ló máa ṣe ìwọ náà

Ní gáréèjì Ọ̀ṣòdì àti lábẹ́ bíríjì Òjúẹlẹ́gba, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fa ara wọn wọ wàhálà: “Gbà á lò, ara ẹ á yá gágá. Bó ṣe ṣe mí náà ló máa ṣe ẹ́.” Kokéènì ni wọ́n ń sọ, tàbí áìsì tí àwọn kan ń pè ní mkpuru mmiri. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé inú oògùn ni agbára wà, pé ẹni yòówù tó bá lò ó, eré ni yóò máa sá. Àwọn òbí tó kórìíra oògùn náà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí.

Oògùn wọ̀nyí kò gbé agbára kankan wọlé. Ohun tó ti wà nínú ọpọlọ ni wọ́n ń dà rú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ dopamine, noradrenaline àti serotonin ránṣẹ́ síra wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o padà. Kokéènì ń dínà kíkó padà yẹn, ni gbogbo ẹ̀ á bá pọ̀ jù bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá kàwé díẹ̀ á ní dopamine nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ipa dopamine tóbi lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fojú fo serotonin. Oríṣi receptor, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba serotonin, tó 14, ní ìdílé 7. Ó dà bí èrò dáńfó: ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Yábàá àti ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú ń lọ ṣe.

Ẹ wo ohun tí Raul Gainetdinov, Marc Caron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Duke University, Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Wọ́n ní àwọn eku kan tí kò ní jíìnì tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kó dopamine padà. Bí wọ́n bá gbé irú eku bẹ́ẹ̀ síbi tí kò mọ̀ rí, kò ní lè dúró jẹ́ẹ́, á máa sáré kiri ṣáá. Wọ́n wá fún un ní methylphenidate, oògùn tó ń mú eku tí ara rẹ̀ pé sáré. Dípò kí eléyìí sáré sí i, ṣe ló rọlẹ̀. Wọ́n wo dopamine ọpọlọ rẹ̀, kò yí padà. Wọ́n fún un ní fluoxetine, tó jẹ́ serotonin ló ń mú pọ̀ sí i, ó tún rọlẹ̀. Oògùn kan náà, eku méjì, ìwà méjì tó ta kora! Ibo wá ni “agbára inú oògùn” wà níbẹ̀?

Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí míì ti rí i pé eku tí kò ní 5-HT1B, ọ̀kan lára àwọn receptor serotonin, máa ń ṣe làálàá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó lè rí kokéènì gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fún irú eku yìí ní MDMA, tí àwọn ọmọ ìsìnyí ń pè ní molly, eré rẹ̀ kì í tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti 5-HT2A, receptor serotonin mìíràn, bí wọ́n bá dí i, eré tí kokéènì ń mú eku sá á dín kù. Bó bá jẹ́ 5-HT2C, tó jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà, ni wọ́n dí, eré náà á le sí i.

Ẹnì kan á ní, “Àwa kì í ṣe eku.” Òótọ́ ni, èmi náà ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí eku tọ́jú ara ẹ̀. Àmọ́ àwa náà ní àwọn receptor yìí, wọn ò sì rí bákan náà lára gbogbo wa. Pé ọ̀rẹ́ rẹ lò ó, tó sì fi gbé ẹrù ní Mile 12 mọ́jú, kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa ohun tó máa ṣe nínú orí tìẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àpòpọ̀. Tramadol náà ń mú serotonin pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ molly tàbí áìsì, ara lè gbóná janjan, iṣan á máa gbọ̀n, orí á dàrú, ènìyàn sì lè kú. Bí ẹ bá rí i lára ẹnikẹ́ni, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tó lò fún dókítà, láìfi ìkankan pamọ́.