Ẹ jẹ́ kí orúkọ Ayọ̀ Bánkọ́lé wà lórí ìwé orin wa

Ìlú Jos ni wọ́n ti bí Ayọ̀ Bánkọ́lé, ẹni tó ń kọ orin sílẹ̀, tó sì ń darí akọrin, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1935. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé nínú àwa Yorùbá tí à ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lókè Ọya, ní Kaduna, ní Abuja, àní ní Jos gan-an, àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Luke's ní Jos, òun náà ló sì ń darí akọrin ibẹ̀. Olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ìwakùsà àti rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wa dé Jos láyé ìgbà náà, ibi tí Yorùbá bá sì ti fìdí kalẹ̀, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Ọmọdé ni nígbà tó kúrò ní Jos lọ sí Èkó. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, níbi tí Fẹlá Ṣówándé, àgbà nínú àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀, ti mú un mọ́ra. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé ní Clare College ní Cambridge, ó sì dé Yunifásítì California ní Los Angeles. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni ohun tó ṣe ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà, láti 1969 tó ti di olùkọ́ níbẹ̀ títí di 1976.

Ẹni tó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jókòó ti dùùrù rẹ̀ kó máa kọ orin tirẹ̀. Bánkọ́lé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó ń kọ́ wọn lórin. Ó tún lọ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́ta jọ ní Èkó, ó fi wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀. Ẹ rántí pé iṣẹ́ tí kì í parí ni iṣẹ́ olùdarí akọrin ní yunifásítì. Tẹ́nọ̀, ọkùnrin olóhùn òkè, tó o fi ọdún mẹ́ta tọ́ dàgbà, tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró, òun ló máa gboyè jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Wàá tún mú ọmọ tuntun tí kò mọ dò yàtọ̀ sí rè, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọdọọdún ni. Ẹni tó bá ń ṣe é tọkàntọkàn, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin kan ṣoṣo ló ń kọ́, ìran akọrin lọ́kan-ò-jọ̀kan ló ń tú sígboro.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní Abuja. Láti 1973 tí ìjọba ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ tó kọ́ orin ní yunifásítì ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń gba lẹ́tà tó ń gbé wọn wá sókè Ọya. Ọ̀gá akọrin wa ní Kúbwà wà lára wọn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, wọ́n wá sin ilẹ̀ baba wọn níbí, wọn ò sì padà mọ́. Tí ẹ bá wá síbi ìdánrawò wa ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró pẹ́ńsùlù lórí tábìlì. “Ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ sọ ọ́.” Gbogbo wa á sọ ìlà náà bí èèyàn ṣe ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ká tún un sọ, ká fa ohùn níbi tí ẹnu ti ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni dò-rè-mí tó kàn.

Ọgbọ́n tó wà nídìí èyí ti pẹ́. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá orin ní kàtídírà Marina ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Àwọn orin ìyìn tí wọ́n kàn túmọ̀, tí wọ́n sì so mọ́ ohùn àwọn òyìnbó, ń lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn. Ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó rọrùn láti sọ, àmọ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò fún ohùn mẹ́rin! Sópránò, ohùn obìnrin tó ga jù, lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dáadáa, kí áltò, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, máa gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún wò ó: ohùn tó bá ẹsẹ kìíní mu lè ba ẹsẹ kejì jẹ́ pátápátá. Ìṣòro yìí ni Bánkọ́lé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń wá ojútùú sí pẹ̀lú ìmọ̀ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun àti èyí tí wọ́n bá nílé. Mo gbàgbọ́ pé kò sí iṣẹ́ ọpọlọ tó ju ìyẹn lọ nínú orin wa.

Kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976 ni wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Èkó. Ẹni ọdún 41 ni. Ó ti kọ orin ńlá kan sílẹ̀ láti 1974 fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú. FESTAC dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977, kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohùn àwọn ọmọ tí olùdarí akọrin kọ́ ni ogún rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ohùn ń gbó. Ìwé ló lè kù, ìwé yìí gan-an la sì ń fi ṣeré. Mo ní orin Yorùbá kan nínú fáìlì mi báyìí: fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì, ó ti ṣá débi pé mí àti rè jọra. Igun òkè ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ orin máa ń wà, ẹ̀rọ ti gé e kúrò. A ti kọ orin náà níbi ìgbéyàwó, a ti kọ ọ́ níbi ìsìnkú, a ò sì mọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ti Bánkọ́lé, ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórin. Ó ń dùn mí gan-an.

Àwọn yunifásítì tó wà lókè Ọya náà ní tiwọn. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti wà láti 1962, ti Jos àti ti Ìlọrin láti 1975. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin níbẹ̀, ẹnì kan sì ń darí wọn. Ọjọ́ tí ẹni náà bá fẹ̀yìn tì, kí ilé ìkàwé yunifásítì béèrè ìwé orin ọwọ́ rẹ̀ kó tó di ẹrù inú búùtù ọkọ̀. Kò ná wọn ní owó gọbọi.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín bá kọrin ní Akọkà láàárín 1969 sí 1976, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ní ìwé orin kankan lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí dé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí wọ́n bá ń gbé ní Abuja, Kaduna tàbí Jos, tí kò sì sí ẹni tó máa bá wọn yà á, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá wá yà á fúnra mi.