Ẹ̀mí Ènìyàn Kọjá Ohun Tí À Ń Fi Ariwo Ẹnu Pinnu

Ohùn ẹnu lásán ni àwọn sẹ́nétọ̀ fi pinnu ní Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún 2024, pé kí wọ́n máa pa ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole ní ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè kọjá bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n ka ìbò, Barau Jibrin tó ń darí ìjókòó ní ó ti pẹ́ jù. Ó pẹ́ jù fún kí ni? Iṣẹ́ wo ló ń dúró dè wọ́n tó ju ẹ̀mí ènìyàn lọ?

Àwọn tó ń gba Kọmúníọ̀nù wà nínú ilé náà. Láti 2018 ni Póòpù Francis ti tún ẹsẹ 2267 inú Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Kátólíìkì, kọ, pé ìjọ kò fara mọ́ ìdájọ́ ikú mọ́ rárá, nítorí pé iyì tí Ọlọ́run fún ẹ̀dá kì í kúrò lára rẹ̀, bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wù kó burú tó. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni Fátíkàn tún un sọ. Kì í ṣe pé ìjọ fojú kékeré wo oògùn olóró. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n lè dáàbò bo ará ìlú láì gba ààyè ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ẹ̀wọ̀n gbére sì ti wà nínú òfin wa tẹ́lẹ̀!

A ti kọ ọ́ títí lójú ìwé yìí: ọrùn ta ni okùn yóò bọ́ sí? Ọrùn ẹni tó gbé kokéènì mì kó lè rí owó san gbèsè ni, ọ̀gá tó rán an yóò sì wà nílé rẹ̀. Ọlọ́pàá wa ṣì ń fi lílù gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu afurasí. Ẹni tí a ṣì jù sẹ́wọ̀n, a lè tú u sílẹ̀. Òkú ńkọ́?

Orílẹ̀-èdè yìí ti dán an wò rí. Ní oṣù Kẹrin 1985, ìjọba ológun Buhari yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Kirikiri lórí ọ̀rọ̀ oògùn, lábẹ́ òfin tí wọ́n fa ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè dé orí ohun tí wọ́n ti ṣe kó tó jáde. Ọdún kejì ni ìjọba Babangida yọ ikú kúrò nínú rẹ̀. Òwò náà kò sì kú.

Ilé Aṣojú-ṣòfin kò fi ikú sínú ẹ̀dà àbá òfin náà tiwọn. Tí ilé méjèèjì bá jókòó láti so àbá náà pọ̀, kí àwọn aṣojú-ṣòfin má ṣe yẹ̀ lórí èyí. Bí wọ́n bá sì yẹ̀, kí Ààrẹ Tinubu má fọwọ́ sí i.