Ṣé owó la fi ń ṣòfò lórí sunscreen?

Àdùkẹ́ Gbági: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági, àárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń wà nínú oòrùn. Mo ra sunscreen, ìpara tó ń dá oòrùn dúró, SPF rẹ̀ (nọ́ńbà agbára rẹ̀) jẹ́ 50, mo ń pa á láràárọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ṣì ń dúdú sí i. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Bàbá Ṣeun: Owó yín lẹ fi ń ṣòfò. Òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn bàbá wa roko nínú oòrùn, òrí àti àdí ni wọ́n fi ń para, kí ló ṣe wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Mókọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Lóòótọ́ àwọ̀ dúdú ń gbà wá díẹ̀, agbára rẹ̀ tó bí SPF 13. Ṣùgbọ́n oòrùn tí kò bó wa lára náà ló ń kó àbààwọ́n sí wa lójú. Òrí ń mú ara jọ̀lọ̀ ni, kì í dá oòrùn dúró. Àǹtí Àdùkẹ́, báwo lẹ ṣe ń pa á?

Àdùkẹ́ Gbági: Díẹ̀ ni, bí ẹyọ ẹ̀wà kan. Tó bá ti pọ̀, ojú mi á funfun bí ẹni kun ẹfun.

Nọ́ọ̀sì Mókọ́lá: Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí wọ́n tó kọ 50 sí i lára, wọ́n dán an wò: mílígíráàmù 2 ni wọ́n pa sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ ẹ̀wà ò débẹ̀. Ẹ fún un sórí ìka méjì, láti ìdí ìka dé orí rẹ̀: ti ojú àti ọrùn nìyẹn. Ẹ pa á ní ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó jáde, kó kan etí. Èyí tí ẹ pa ní aago 7, kó tó di ọ̀sán tí oòrùn mú gan-an, òógùn ti fọ̀ ọ́ lọ. Wákàtí 2-2 la ń tún un pa.

Tí owó bá le, ẹ ra SPF 30. Ó ń dá ìdá 97 nínú 100 UVB, ìtànṣán oòrùn tó ń bó ara, dúró. 50 ń dá 98. Èyí tó láwọ̀ bíi pańkéèkì, tí wọ́n fi iron oxide (èròjà tó ń fún un láwọ̀) sí, ló dáa jù fún yín: kì í mú ojú funfun, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí, tó ń fa àbààwọ́n, dúró, èyí tí sunscreen funfun kì í lè dá dúró.

Ọmọ Ọ̀jẹ́: Èmi ń wa Micra láti Ìwó Road sí Challenge. Gíláàsì ò tó ni?

Nọ́ọ̀sì Mókọ́lá: Kò tó, àbúrò. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ń dá UVB dúró, ṣùgbọ́n UVA, ìtànṣán oòrùn kejì, ń gba ibẹ̀ wọlé, òun ló sì ń wọ inú awọ lọ jù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "broad spectrum" sí ara sunscreen, ìyẹn ni pé ó ń dá UVA àti UVB dúró. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn náà.

Ìyá Adé: Bàbá Ṣeun, àfín ni ọmọ tèmi. Wọ́n mú un dúró nínú oòrùn níléèwé, nígbà tó fi máa délé, èjìká rẹ̀ ti pọ́n, ó ti léròrò. Jẹjẹrẹ awọ ara ń pa àwọn àfín wa, òyìnbó kọ́ ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí ọ̀dọ́ àfín ti lè gbọ́.

Bàbá Ṣeun: Ìyá Adé, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ti àfín yàtọ̀, mo fara mọ́ ọn. Ní tèmi, akẹ́tẹ̀ mi tó mi.

Ìyá Adé: Akẹ́tẹ̀ náà ni mo rà fún un, èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀. Pẹ̀lú sunscreen ni o, sà.

Àdùkẹ́ Gbági: Èyí tó láwọ̀ ni màá lọ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Mókọ́lá: Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ má sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì nínú oòrùn, ooru ń bà á jẹ́.