Ẹni tó pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ṣiṣẹ́ jù o

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Gbogbo wa la gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ tó tún kẹ́yìn níbẹ̀ lòṣìṣẹ́ gidi, èyí tó bá palẹ̀ mọ́ ní aago márùn-ún, ọ̀lẹ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀ nítòsí Wàǹdó, tó bá ti rí i pé o bojú wo aago pẹ́nrẹ́n, á ní "ilé yín ń jó ni?" Mi ò bú u o, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni mo ń jẹ dòní.

Èmi náà wá dọ̀gá, mo sì ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún mi fáwọn ọmọọṣẹ́ mi. Iléyá ọdún kan, aṣọ kún ilẹ̀ kún orí tábìlì, mo ní kò sẹ́ni tó máa lọlé kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé agbádá Àlájì kan sókè kí n wò ó, apá ọ̀tún ló wà lósì, òdì aṣọ ló kọjú síta, mo wo ṣòkòtò ẹ̀, wọ́n ti rán ẹnu àpò méjèèjì pa pátápátá. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ yẹn, abẹ la fi ń tú òwú, ẹnikẹ́ni ò rán nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo ra kayé kan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀, ìgbà tá a ṣíwọ́, aṣọ tí oníbàárà gbà tí ò dá padà, àtèyí tá a tú. Ọ̀sẹ̀ tá a bá ṣe mọ́jú, èyí tá a tú ló máa ń jẹ èrè ibẹ̀ tán.

Ẹ ó ní ti ṣọ́ọ̀bù kan ò tó ẹ̀rí. Ó dáa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ń lo òṣìṣẹ́, obìnrin pọ̀ nínú wọn, láti máa ṣe ọta ogun tọ̀sán-tòru, ọjọ́ ìsinmi gan-an wọn ò sinmi. Ní 1915 ìjọba yan ìgbìmọ̀ tó ń kọ wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀ àti iye nǹkan tó jáde lọ́wọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pencavel ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà wá tú àkọsílẹ̀ yẹn wò, ó gbé e jáde ní 2014: tíṣẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí wákàtí 50 lọ́sẹ̀, ohun tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń mú wá á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, débi pé iṣẹ́ wákàtí 70 ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti 56 lọ. Wákàtí 14 gbáko, asán! Ṣáájú ìyẹn, ní 1900, Ernst Abbe tó ń darí Zeiss, iléeṣẹ́ tó ń ṣe awò, ní Jena lọ́hùn-ún ní Jámánì gé wákàtí 9 òòjọ́ sí 8, kò yọ nínú owó wọn, iṣẹ́ tó ń jáde sì lé sí i.

Òfin iṣẹ́ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ pàápàá, ti 1998, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Àmọ́ àwa télọ̀, ta ló ka òfin dọ́dọ̀ wa.

Mi ò sọ pé gbogbo iṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, ẹni tó ń ta kpayo, epo bẹntiróò fàyàwọ́, létí títì, wákàtí ni iṣẹ́ tiwọn, tó bá ti lọlé, ó tán. Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀. Ìwé tá a fi ń kọ orúkọ ẹni tó wá níṣẹ́, ìdí tó jókòó sórí àga ló ń kà, kì í ka aṣọ.

Nígbà tí mo sì wo kayé mi dáadáa, ọ̀lẹ kọ́ ló ń pa wá, dídúró ni. Ẹ̀rọ tó ń wé etí aṣọ, ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ọmọ márùn-ún á dúró dè é, iná á tún lọ, òwú á tán, wọ́n á rán ẹnì kan lọ ra òwú, onítọ̀hún á dúró jẹ àkàrà lọ́nà (mo mọ̀ ọ́n). Mo ní kí wọ́n máa gé gbogbo aṣọ láàárọ̀ nígbà tójú wọn ṣì mọ́lẹ̀, kí òwú ọ̀sẹ̀ kan wà nílẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Aago mẹ́fà la ń tilẹ̀kùn báyìí.

Aládùúgbò mi tí òun náà ń ránṣọ lódìkejì títì ti ń sọ fáwọn oníbàárà pé ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lára. Lálẹ́ àná tí mo ń kọjá, iná ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣì ń tàn, mo ń gbọ́ tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé ta ló gbé abẹ òun.