Òkè Mora: ta ló borí ta?

Àlàó Kubwa: Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà l'Ábùjá, mo fẹ́ dá iyàn kan sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lóṣù Kọkànlá 1915, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí Cunliffe, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù gba òkè Banyo láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Mora, òkè tí Jámánì dì mú nítòsí Borno níbí, wọ́n dó tì í láti oṣù Kẹjọ 1914 di oṣù Kejì 1916. Èmi ò gbà pé wọ́n ṣẹ́gun níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kí ló wá mú Jámánì sọ̀ kalẹ̀?

Àlàó Kubwa: Ẹ̀gbọ́n mi, dúnàádúrà ni! Cunliffe bá von Raben, olórí wọn, ṣe àdéhùn pé kí àwọn ọmọ ogun dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé ní tiwọn. Ó tún gbé £2,000 kalẹ̀ kí wọ́n fi san owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí a ṣẹ́gun la ń fún lówó?

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Àlàó, òkè Ásò tí ò ń wò láti inú ọkọ̀ nìkan lo mọ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní Gwoza. Òkè Mandara kan náà ni, Mora wà lódì kejì ààlà. Òkúta lé òkúta, òmíràn tó yàrá, ihò lábẹ́ wọn. Bí oòrùn bá kàn án, àtẹ́lẹwọ́ ò ṣe é gbé lé e. O fẹ́ dì í mú kí o gun òkè, o tún ń jáwọ́. Ẹni tó wà lókè ń wò ọ́, ìwọ ò rí i. Kí o tó dé ìdajì, omi inú ike rẹ ti tán. Ní Banyo, kùrukùru ló ṣíji bo àwọn ọmọ wa. Ní Mora, lóṣù Kẹsàn-án 1915, wọ́n gun òkè títí, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dórí ẹ̀, ìbọn dá wọn padà.

Ọmọ Ọ̀fà: Àwọn aláàárù ńkọ́? Orí èèyàn ni ọta àti oúnjẹ gbà dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni. Àlàó, Yaoundé, olú ìlú Kamẹrúùnù, ti bọ́ lọ́wọ́ Jámánì lóṣù Kìíní 1916, àwọn tó kù ń sá lọ sílẹ̀ tí Sípéènì ń ṣàkóso. Ta ni von Raben ì bá tún máa dúró dè lórí òkúta?

Àlàó Kubwa: Ẹ ṣeun, mà. Banyo, mo gbà. Ti Mora, ẹ má bínú, £2,000 yẹn ò jẹ́ kí n gbà.