Ampiclox kò lè dènà oyún

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ti mọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá rà. Kẹ́míìsì tí mo ti ń tajà kò jìnnà sí géètì yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́. Wọn a rọra wọlé, wọn a wo ọ̀tún wo òsì: "Àǹtí, ẹ bá mi mú Ampiclox méjì." Méjì péré! Ta ló ń fi kápúsù méjì wo àrùn? Wọ́n ní àwọn á fi omi iyọ̀ gbé e mì, oyún ò ní dúró.

Irọ́ ni.

Oògùn méjì ló wà nínú kápúsù 500mg yẹn: ampicillin 250mg àti cloxacillin 250mg. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìdílé pẹnisílínì, àwọn oògùn tó ń pa bakitéríà (kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn). Òrùka kékeré onígun mẹ́rin kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: átọ̀mù carbon mẹ́ta, ti nitrogen kan. (Ọdún 1945 ni Dorothy Hodgkin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi X-ray rí i, àwọn àgbà onímọ̀ kan ti ń jiyàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.) Òrùka náà le bí ọrun tí ọdẹ fà, díẹ̀ ló kù kó já. Bakitéríà ní tirẹ̀ ní ògiri lára, ó sì ní bíríkìlà tó ń so ògiri náà pọ̀. Bí òrùka bá kan bíríkìlà yìí, á já, á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àtè. Ògiri ò ní ṣeé so mọ́, omi á ya wọlé, bakitéríà á bẹ́. Àwọn kan nínú wọn gbọ́n, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń gé òrùka náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí tí cloxacillin fi wà níbẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ka ńlá kan lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè gé e.

Ó dáa. Àtọ̀ ọkùnrin ní irú ògiri yẹn? Kò ní. Ẹyin obìnrin ńkọ́? Kò ní. Kí wá ni Ampiclox fẹ́ wó?

"Àǹtí, mo lò ó lóṣù tó kọjá, nǹkan oṣù mi sì wá." Kí ni ò ní í jẹ́ kó wá? Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà péré ni ìbálòpọ̀ lè di oyún láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì. Ẹni tí tirẹ̀ ò bọ́ sí àwọn ọjọ́ yẹn, bó lo ata rodo, yóò rí nǹkan oṣù rẹ̀.

Postinor, oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì, ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ la sì ń lò ó. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Bó bá jẹ́ àtọ̀sí lẹ ń sá fún, àtọ̀sí ti gbọ́n ju pẹnisílínì lọ tipẹ́.

Èyí tó wá láàárọ̀ yìí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí, ó ra Postinor. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà: "Àǹtí, ẹ ṣáà fi Ampiclox méjì sí i."